Rímù àtilẹ̀wá àbí àfirọ́pò? Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní Libreville

Ní Libreville, olú ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, òjò àti òkun kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ìlú náà wà níbi tí odò Komo ti ń wọ inú òkun Àtìláńtíìkì. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 2,500 mìlímítà lọ, atẹ́gùn tí ó sì ń fẹ́ kọjá lójú pópó etí òkun gbé iyọ̀ dání. Fún ẹni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, yálà Peugeot 504 ni o, Renault 4 ni o, Mercedes-Benz tàbí Land Cruiser, ìbéèrè kan kò ní pẹ́ dé: bí ìpáàrà bá ti jẹ rímù tí ó bá ọkọ̀ wá, ṣé irú rẹ̀ gan-an ni kí a wá, tàbí kí a fi rímù ilé-iṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà lè dàbí ọ̀rọ̀ ẹwà lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí àti owó ni ó wà nídìí rẹ̀. Rímù tí kò bá họ́ọ̀bù mu lè yọ kúrò lára ọkọ̀ lórí eré. Rímù àtilẹ̀wá tí a sì tà fún oníirin àlòkù lónìí lè di ohun tí a kò ní rí rà mọ́ lọ́la, ní iyekíye. Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí yóò ran ẹni tí ó fẹ́ yan lọ́wọ́.

Irú ọkọ̀ àtijọ́ wo ni ẹ ní?

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ó ti gbó ni a ń pè ní ọkọ̀ àtijọ́. FIVA, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, sọ pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ipò tí ó bá ìtàn rẹ̀ mu, kí ó má sì jẹ́ èyí tí ẹni tí ó ni ín fi ń rìn lójoojúmọ́.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìlànà tí ó kẹ́yìn yìí ni ó máa ń le jù. Peugeot gbé 504 jáde lọ́dún 1968. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kaduna, ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975, 504 sì di ọmọ ilé káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ọkọ̀ akérò ni, ọkọ̀ ìjọba ni, ọkọ̀ ìdílé sì ni. Títí di òní, àwọn kan nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ tí olówó wọn fi ń jẹun, nígbà tí àwọn mìíràn wà nínú gáréèjì, tí a ń nù wọ́n bí ohun ìṣúra.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rímù, kí ó kọ́kọ́ mọ èyí tí ọkọ̀ tirẹ̀ jẹ́ nínú méjèèjì. Ọkọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nílò rímù tí ó lágbára, tí táyà rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Èyí tí a ń tọ́jú fún ìtàn nílò rímù tí ó bá ìtàn náà mu.

Àfirọ́pò kì í ṣe ayédèrú

Lẹ́nu àwọn ènìyàn, "ojúlówó" ni orúkọ rímù tí ó bá ọkọ̀ wá, ó sì máa ń dà bí ẹni pé ayédèrú ni gbogbo èyí tí ó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni rímù pín sí.

Èkínní ni rímù àtilẹ̀wá, èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ fọwọ́ sí. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó rọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ Otto Fuchs ní ìlú Meinerzhagen, ní Jámánì, ni ó rọ rímù olókìkí ti Porsche 911 tí ó jáde ní àárín ọdún 1960 sí 1969, òun náà ni ó sì rọ rímù alumíníọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ Mercedes-Benz àtijọ́.

Èkejì ni rímù àfirọ́pò, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí wọ́n sì dán wò dáadáa. Irú èyí máa ń ní àmì lára. Èyí tí ó bá ti Japan wá lè ní àmì JWL tàbí VIA. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Jámánì máa ń ní nọ́ńbà tí lẹ́tà KBA ṣáájú rẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan náà wà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 124, tí ó dá lórí rímù àfirọ́pò fún ọkọ̀ kéékèèké.

Ẹ̀kẹta ni ayédèrú: rímù tí ó jọ ti olókìkí, ṣùgbọ́n tí kò ní ìwọ̀n, àmì tàbí orúkọ kankan lára. Ẹ má ṣe ra irú rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rímù

Bí ẹ bá yí rímù padà, tí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí ìkọ̀wé kan. Ẹ jẹ́ kí a fi "5½J x 14 H2" ṣe àpẹẹrẹ. Ó túmọ̀ sí pé inú rímù náà fẹ̀ tó íńṣì márùn-ún àbọ̀, pé bí etí rẹ̀ ṣe tẹ̀ jẹ́ ti irú J, àti pé íńṣì mẹ́rìnlá ni ìdábùú òbírí rẹ̀. "H" dúró fún òkè kékeré tí ó wà nínú rímù, tí ó ń di etí táyà mú kí ó má bàa yọ bí afẹ́fẹ́ bá dínkù. "H2" fi hàn pé òkè náà wà ní ìhà méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ rímù ayé àtijọ́ kò ní òkè yìí rárá, nítorí pé túúbù ni wọ́n ń lò nígbà náà. Bí fọ́kanáísà bá fi táyà tí kò ní túúbù sí irú rímù bẹ́ẹ̀, táyà lè yọ ní kọ́nà. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí "H" lára rímù, túúbù ni kí ẹ lò, kí ó sì bá ìwọ̀n táyà náà mu.

Ìwọ̀n mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ tàsé

Ọ̀pọ̀ Yorùbá láti Nàìjíríà àti Benin ni ó ń gbé tí wọ́n sì ń ṣòwò ní Libreville. Ẹni tí ó bá ń wá rímù níbẹ̀ yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀: "jante" ni wọ́n ń pe rímù, "jante tôle" ni ti irin, "jante alu" sì ni ti alumíníọ̀mù. Yàtọ̀ sí fífẹ̀ àti ìdábùú òbírí tí a ti mẹ́nu bà, ìwọ̀n mẹ́ta ni kí ẹ béèrè.

Àkọ́kọ́ ni òbírí tí àwọn ihò bóòtì tò lé, tí wọ́n ń pè ní "entraxe". A máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú iye ihò. Citroën 2CV ní ihò mẹ́ta lórí òbírí 160 mìlímítà. Renault 4 ní mẹ́ta lórí 130. Mercedes-Benz W123, tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1986, ní márùn-ún lórí 112. Land Cruiser tí a mọ̀ sí ọ̀wọ́ 40 ní mẹ́fà lórí 139.7. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ní tirẹ̀ fẹ́ àkíyèsí: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì ṣáájú 1967 ní ihò márùn-ún lórí 205, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jáde níbẹ̀ lẹ́yìn náà ní mẹ́rin lórí 130. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ nìkan. Ẹ ka bóòtì ara ọkọ̀ náà.

Níhìn-ín ni ewu ńlá kan sá pamọ́ sí. Ihò márùn-ún ni Mercedes ní, márùn-ún náà sì ni ọ̀pọ̀ Toyota ní, irú bíi Camry láti àwọn ọdún 1990 wá. Ṣùgbọ́n 112 ni ti Mercedes, 114.3 sì ni ti Camry. Ìyàtọ̀ náà kò ju mìlímítà méjì àti díẹ̀ lọ, ojú lásán kò sì lè rí i. Bóòtì lè wọlé bí a bá fi agbára dè é, ṣùgbọ́n yóò dúró ní gẹ̀ẹ́rẹ́, kò ní jókòó sí ojú ihò rẹ̀ dáadáa. Bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n ni yóò máa tú díẹ̀díẹ̀, títí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò fi yọ. Mẹkáníìkì tí ó bá ní "ó ti wọlé, kò sí wàhálà" kò tíì wọn nǹkan kan.

Èkejì ni "déport", èyí tí ó ń sọ bí ojú tí rímù fi kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín rímù tó. Lẹ́tà ET ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀ lára rímù. Bí ti àtilẹ̀wá bá jẹ́ ET 35, tí ẹ sì ra ET 15, rímù náà yóò yọ síta ní 20 mìlímítà. Táyà lè máa ha ara ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀rìn yóò pọ̀ sí i. Bí nọ́ńbà náà bá sì ga jù, rímù lè kan bíréèkì nínú. Ìdí nìyí tí rímù ọkọ̀ akẹ́rù ìgbàlódé oníhò mẹ́fà lórí 139.7 kò fi túmọ̀ sí pé ó yẹ Land Cruiser àtijọ́, bí ihò tilẹ̀ bá ihò mu.

Ẹ̀kẹta ni ihò àárín, "alésage" lédè Faransé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ihò yìí ni ó ń gbé rímù sí àárín gan-an lórí họ́ọ̀bù. Bí ó bá kéré ju họ́ọ̀bù lọ, rímù kò ní wọlé. Bí ó bá tóbi jù, ọwọ́ ìtukọ̀ yóò máa gbọ̀n lórí eré, àyàfi bí ẹ bá fi òrùka tí ó bá ìwọ̀n mu dí àlàfo náà.

Bóòtì rímù kan kì í ṣe ti èkejì

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ni pé bóòtì àti nọ́ọ̀tì ní irú orí tiwọn. Orí àwọn kan ṣe ṣóńṣó, ti àwọn kan rí roboto bí ọsàn, ti àwọn kan sì pẹrẹsẹ, pẹ̀lú wáṣà, bí irú èyí tí Toyota ń lò fún púpọ̀ nínú rímù alumíníọ̀mù rẹ̀. Bí orí bóòtì kò bá bá ojú ihò rímù mu, kò sí bí a ti lè dè é tó tí yóò fi dúró.

Gígùn náà ṣe pàtàkì. Bóòtì tí Mercedes ṣe fún rímù alumíníọ̀mù W123 gùn ju ti rímù irin lọ, nítorí pé alumíníọ̀mù nípọn jù. Bí táyà ìpamọ́ yín bá wà lórí rímù irin, ẹ gbọ́dọ̀ ní bóòtì kúkúrú márùn-ún nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá fi èyí tí ó gùn de rímù irin, ẹnu rẹ̀ lè kan bíréèkì ọwọ́ lẹ́yìn họ́ọ̀bù, kí ó sì bà á jẹ́.

Nígbà wo ni ó yẹ kí ẹ dúró ti rímù àtilẹ̀wá?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí ó ń mú kí ọkọ̀ àtijọ́ níyì kì í ṣe dídán rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ó ti bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ṣọ̀wọ́n, bí ó bá ṣì ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà àtilẹ̀wá, tàbí bí ẹ bá ní èrò láti tà á fún ẹni tí ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, ẹ tún rímù rẹ̀ ṣe dípò kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Rímù irin ṣe é tún ṣe ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ha ọ̀dà àti ìpáàrà kúrò títí yóò fi ku irin funfun, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sán ní àyíká ihò bóòtì, kí wọ́n sì yí i lórí ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó tẹ̀. Bí ìpáàrà bá ti jẹ ẹ́ débi tí irin ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí tí ó sán, ìgbà rẹ̀ ti pé. Ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi iná jó rímù tí ó sán pọ̀, pàápàá ti alumíníọ̀mù. Iná máa ń sọ ibi tí ó kàn di ọ̀lẹ, ó sì lè tún sán láìròtẹ́lẹ̀.

Nígbà wo ni àfirọ́pò dára jù?

Nígbà mìíràn, rímù àtilẹ̀wá ni ìṣòro gan-an. Àpẹẹrẹ kan ni TRX, tí Michelin gbé jáde láàrin àwọn ọdún 1970. Mìlímítà ni wọ́n fi wọn rímù rẹ̀, kì í ṣe íńṣì, etí rẹ̀ sì yàtọ̀. Peugeot lo èyí tí ó jẹ́ 390 mìlímítà fún àwọn kan nínú ọkọ̀ 505 rẹ̀. 390 mìlímítà ju íńṣì 15 lọ, kò sì tó 16. Nítorí náà, kò sí táyà ọjà lásán tí ó lè wọ̀ ọ́. Táyà tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tí ó bá ń fi irú 505 bẹ́ẹ̀ rìn láti Libreville gba Ntoum àti Kango lọ sí Lambaréné kò lè fi gbogbo ìrìn náà lé táyà tí kò ní rí bí ó bá bẹ́ lójú ọ̀nà. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, rímù oníwọ̀n íńṣì tí ó bá họ́ọ̀bù mu ni ìpinnu ọlọ́gbọ́n.

Ìdí kejì ni magnẹ́síọ̀mù. Àwọn rímù eré ìje kan láyé àtijọ́, irú bíi Minilite ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ti magnẹ́síọ̀mù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó fúyẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun ni ọ̀tá rẹ̀. Ó lè jẹrà nínú nígbà tí ọ̀dà ṣì ń dán lóde. Àwòṣe rẹ̀ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe lẹ́yìn náà yẹ ìlú etí òkun jù ú lọ.

Ẹ má ṣe gbàgbé táyà

Bí rímù bá tóbi sí i, táyà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ sí i kí gíga gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ má bàa yípadà. Fún àpẹẹrẹ, táyà 195/70 lórí rímù íńṣì 14 ga tó nǹkan bíi 629 mìlímítà. 195/65 lórí íńṣì 15 ga tó nǹkan bíi 634. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ti ju ìdá mẹ́ta lọ, ẹ ronú lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé aago tí ń ka eré ọkọ̀ yóò máa parọ́, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé táyà fẹ́lẹ́ kì í gba kòtò mọ́ra. Rímù ni yóò gba ìyà náà.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù táyà náà: 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 615 kílò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àmì DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ẹ rí, wọ́n ti ṣe táyà náà ṣáájú ọdún 2000, kò sì yẹ kí ó dé ojú títì mọ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń ra táyà láti Nàìjíríà pàápàá, níbi tí Michelin ti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni táyà òkèèrè, títí kan tòkunbọ̀, ti gba ọjà.

Bí ẹ ṣe lè tọ́jú rímù ní ìlú etí òkun

Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ rímù lóòrèkóòrè, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Níbi tí alumíníọ̀mù bá ti kan irin họ́ọ̀bù, iyọ̀ àti omi máa ń mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra débi pé òòlù nìkan ni ó lè yà wọ́n. Ẹ ha ojú họ́ọ̀bù mọ́, kí ẹ sì fi gírísì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí etí ihò àárín. Ẹ má ṣe fi sí ojú tí bóòtì jókòó lé.

Ẹ fi sípánà tí ń wọn agbára de bóòtì, ní agbára tí ìwé ọkọ̀ bá sọ. 110 Nm ni ti W123. Ẹ dè wọ́n ní ìdojúkọra, kì í ṣe ní òòyì, kí ẹ sì tún wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn ìrìn 50 sí 100 kìlómítà.

Ẹ tọ́jú èyí tí ó bá ọkọ̀ wá

Ìlànà FIVA fẹ́ kí àyípadà tí a bá ṣe sí ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ èyí tí a lè dá padà. Rímù wà lára àwọn ohun tí ó rọrùn jù láti dá padà, bí a kò bá ti sọ ti àkọ́kọ́ nù. Ẹni tí ó bá yan àfirọ́pò nítorí ààbò kò ṣẹ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ta àtilẹ̀wá ní ìwọ̀n irin ni ó gé ìtàn rẹ̀ kúrò.

Ẹ yọ táyà kúrò lára wọn, ẹ wẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ẹ kun ibi tí ó bó, ẹ fi ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ pa wọ́n lára, kí ẹ sì tò wọ́n sórí pákó, kì í ṣe sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí omi lè dé. Ẹ kó bóòtì wọn sínú àpò kan, kí ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ náà sí i, kí ẹ sì so ó mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí yóò jogún ọkọ̀ náà, tàbí tí yóò rà á lọ́wọ́ yín, yóò mọ ohun tí ó ń wò.